Okùn Kílọ́ọ̀ṣì Tó Wà Lórí Ìṣó

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìdáríjì, kó gba ilé Ọlọ́run lọ, kó má jókòó ti èmi Adéfúnkẹ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni mo ń tà ní Ndogbong, àdúgbò kan ní Douala, lẹ́bàá ibi tí àwọn bẹ́ńsíkìn, ìyẹn ọlọ́kadà, ti ń gbé èrò, mo sì ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ohun tó bá dun ènìyàn dé egungun, "ẹ má bínú" nìkan kì í wò ó sàn. Ọ̀rọ̀ Sẹ̀kínát ni mo fẹ́ sọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi, ó di ọdún kẹsàn-án báyìí. Rẹ́wáyà ni, mẹkáníìkì tún ni. Ní gbogbo Douala, èmi ò tíì rí obìnrin Yorùbá mìíràn tó ń tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù pẹ̀lú híjáàbù lórí. Kì í pariwo. Tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe alùpùpù, á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án níbi gbogbo, bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ òun gbóná.

"Irin kì í purọ́, Àǹtí Fúnkẹ́," ló máa ń sọ fún mi. "Ènìyàn ló ń purọ́."

Mo mọ ẹni tó ń bá wí. Jídé ló ń bá wí.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí Sẹ̀kínát. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní ọjà Mboppi, wá sí ìlú yìí. Aṣọ títà ò wù ú. Ó bẹ bàbá náà títí ó fi mú un lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Fátókun, ará Ògbómọ̀ṣọ́, àgbà mẹkáníìkì láàárín àwọn Yorùbá Douala. Ọ̀gá ní iṣẹ́ náà ò yẹ obìnrin. Sẹ̀kínát ò bá a jiyàn, ó kàn ń dé ibẹ̀ láràárọ̀, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ irin, títí Ọ̀gá fi gbé sípánà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Jídé wọlé. Jídé fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ẹ̀gbọ́n. Jídé tó ti hu irùngbọ̀n wá di ẹni tó ń pe Sẹ̀kínát ní ẹ̀gbọ́n, tó sì ń gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e kiri. Sẹ̀kínát sọ pé bó bá ti pe "ẹ̀gbọ́n" yẹn báyìí, á payín keke.

Ohun tó da àárín wọn rú ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré tí Sẹ̀kínát á gba fúríìdọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ rí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé ọmọ iṣẹ́ lórí lójú gbogbo ayé, á gbàdúrà fún un, á fún un ní ìwé, òun náà á wá di ọ̀gá. Ẹni tí kò bá gbà á, bó tilẹ̀ mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, "ọmọ iṣẹ́ tó sá" ni wọ́n á máa pè é títí ayé. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ò ní gbà á, wọn ò sì ní gbé ọmọ fún un kọ́.

Ọkùnrin kan gbé alùpùpù rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n bá òun fi ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, kí wọ́n sì fi sítátà sí i, kí òun yéé fẹsẹ̀ gbá a. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ó kun ẹ́ńjìnnì àti férémù ní ọ̀dà dúdú tó ń dán, ó fi rọ́bà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kó má baà máa gbọ̀n. Jídé ló di bóòtù tó mú wáyà áàtì, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà láti ara ẹ́ńjìnnì sí bátìrì. Sẹ̀kínát so iná iwájú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà ń tẹ sítátà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Èéfín yọ lára okùn kílọ́ọ̀ṣì, okùn irin tó ti ọwọ́ alùpùpù wọ ẹ́ńjìnnì, ní ẹ̀gbẹ́ wáyà iná iwájú gan-an. Kí wọ́n tó mọ̀, iná ti bọ́ sórí táǹkì, ó jó alùpùpù kanlẹ̀, ó sì bó itan ọkùnrin náà.

"Ta ló fọwọ́ kan wáyà gbẹ̀yìn?" Ọ̀gá béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n Sẹ̀kí ni," Jídé dáhùn.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo irin tó jóná náà fún ìgbà pípẹ́. Ó dìde. "Sẹ̀kínát, kó ẹrù rẹ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Mboppi ti gbọ́ pé obìnrin tó ní òun fẹ́ ṣe mẹkáníìkì ti dáná sun oníbàárà.

Bonabéri, ní òdìkejì odò, ni Sẹ̀kínát sá lọ, sọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ọmọ ẹ̀yà Bamiléké, tí kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀, lọ́dún kẹta, ó fọwọ́ kan okùn kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù kan, okùn náà bó o lọ́wọ́. Ọ̀gá Bamiléké náà rẹ́rìn-ín, ó tú bóòtù áàtì, ó fi ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn án. Ó ní iná tó bá jáde láti inú bátìrì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Bí ọ̀dà bá dí ọ̀nà rẹ̀, tí rọ́bà sì wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, á wá ọ̀nà mìíràn, irin tó sì ti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí ọwọ́ alùpùpù ni okùn kílọ́ọ̀ṣì. Iná sítátà kì í ṣe iná kékeré. Á sọ okùn náà di ẹyin iná.

Sẹ̀kínát ní òun jókòó sínú ọ́ìlì lọ́jọ́ yẹn, òun sunkún. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀. Ó ti rántí ẹni tó di bóòtù. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé Jídé mọ̀-ọ́n-mọ̀ di áàtì mọ́ orí ọ̀dà kí iná lè jó, kó lè bọ́ lọ́wọ́ "ẹ̀gbọ́n." Ta ló sì fẹ́ sọ ọ́ fún? Alùpùpù náà ti di ìdọ̀tí. Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó sá gbọ́? Ó gbé e mì. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ Jídé ń gbòòrò ní àdúgbò Kotto, tí àwọn èwe ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń kun ẹ́ńjìnnì bíi Chef Jídé, ìyẹn Ọ̀gá Jídé, Sẹ̀kínát ń gbọ́, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Òwò rẹ̀ kò burú, ó bímọ, ó kọ́lé kékeré, ṣùgbọ́n mo mọ ènìyàn tí inú rẹ̀ ń jó. Mo bá a kórìíra Jídé náà, mi ò jẹ́ purọ́.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́rú kan lóṣù kejì ọdún yìí ni Vanessa ti alùpùpù pupa kan dé iwájú wa, òógùn bò ó. Ọmọ ìlú yìí ni, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin díẹ̀ tó ń fi bẹ́ńsíkìn gbé èrò.

"Mama Seki, abeg, helep me. Moto-là don tire me."

Sítátà rẹ̀ ń kérora bí àgbàlagbà tó fẹ́ dìde lórí ẹní. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ le débi pé àtẹ́lẹwọ́ Vanessa ti lé ròrò. Àwọn mẹkáníìkì ní kílọ́ọ̀ṣì ni, wọ́n ti pààrọ̀ okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn rẹ́wáyà ní iná ni, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì àti púlọ́ọ̀gì. Oníkálùkù tọ́jú èyí tó jẹ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó rò ó pé àrùn kan ṣoṣo ló ń bá a jà.

Sẹ̀kínát ò mú sípánà kankan. Ó wo ẹ́ńjìnnì ńlá tí wọ́n gbé sínú férémù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wo ọ̀dà pupa tó ń dán. Ó wo rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"When you turn hand for corner, e di die?"

"Eh! Who tell you?" Vanessa ya ẹnu.

Bó bá yí ọwọ́ ní kọ́nà, okùn á sún kúrò níbi tó ti kan irin, iná á pàdánù ọ̀nà ẹ̀bùrú tó ń gbà, ẹ́ńjìnnì á kú. Sẹ̀kínát gbé mítà rẹ̀ wá. Ó fi ẹnu wáyà rẹ̀ kan há irin ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ̀dà ti bó, ó fi èkejì kan ẹsẹ̀ òdì bátìrì, ó ní kí Vanessa tẹ sítátà. Níbi tó yẹ kí mítà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó fò dé mẹ́fà nínú méjìlá. Ìdajì agbára bátìrì ń ṣòfò lọ́nà. Ó wá na ìka kan, ó fi kan okùn kílọ́ọ̀ṣì wéré, ó fà á padà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́sàn-án tí a fi ń ṣe aládùúgbò, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kò sì dùn mọ́ mi létí.

"Who build am?"

"Na Chef Jídé, for Kotto."

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Kó tú bóòtù kan, kó ha ọ̀dà kúrò, kó dì í padà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí Vanessa fi alùpùpù náà sílẹ̀ di dimanche, ìyẹn ọjọ́ Àìkú, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ alùpùpù tirẹ̀ fún un kó máa fi ṣiṣẹ́. Bí Vanessa ṣe lọ tán, mo bá a wí.

"Sẹ̀kí, kí lo fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

"Mo ti yá a ní tèmi, Àǹtí, ebi ò ní pa á nítorí mi. Ṣùgbọ́n dimanche ni ìpàdé ẹgbẹ́ ní ilé Ọ̀gá Fátókun. Jídé á wà níbẹ̀, Ọ̀gá á wà níbẹ̀. Màá ní kí Jídé di okùn yìí mú, èmi á sì tẹ sítátà. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, á dì í mú, ṣebí okùn kílọ́ọ̀ṣì lásán ni lójú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nìkan ló máa kọ̀. Bó bá ti kọ̀, ó ti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn pé òun mọ ohun tó jó alùpùpù yẹn lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn."

"Bí ó bá wá dì í mú ńkọ́?"

"Kò ní dì í mú."

Mo tẹ̀lé e lọ. N kò ní sọ pé àánú ló gbé mi lọ. Ìran ni mo lọ wò.

Àwọn ọ̀gá tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá Fátókun tó ọgbọ̀n. Bàbá Fátókun ti darúgbó, ó jókòó sórí àga onírọ̀rí, fìlà rẹ̀ funfun. Jídé ló jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe alága. Bí a ṣe ti alùpùpù pupa náà wọlé, tí Vanessa ń tì í láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn yíjú sí wa. Sẹ̀kínát kúnlẹ̀ kí Bàbá. Bàbá mi orí, kò wo ojú rẹ̀.

"Réunion àwọn ọ̀gá lèyí o," Jídé wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló pe ọmọ iṣẹ́ tó sá?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá a létí.

"Iṣẹ́ rẹ ni mo gbé wá, Jídé," Sẹ̀kínát dáhùn, kò sì fi "bọ̀dá" kankan ṣíwájú rẹ̀. "Wọ́n ní ó dára. Èmi ní kò dára. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ṣe níwájú Bàbá. Di okùn kílọ́ọ̀ṣì yìí mú nígbà tí mo bá ń tẹ sítátà."

Ó ti bó rọ́bà òkè okùn náà kúrò, irin rẹ̀ hàn. Mo wo ojú Jídé, mo ń dúró de ìgbà tí ẹ̀rù á hàn níbẹ̀. Gbogbo ara mi ló ń dúró dè é.

Jídé rẹ́rìn-ín sókè. "Okùn kílọ́ọ̀ṣì? Kí ló fẹ́ wà nínú rẹ̀, ejò?" Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó di okùn náà mú gírígírí, ó tún ń ju ọwọ́ kejì sí àwọn ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

Sẹ̀kínát dúró. Mo rí i tí ó dúró. Ó wo ọwọ́ yẹn, ó wo ojú Jídé, ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì yí padà. Ó lè dáwọ́ dúró níbẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Ó tẹ sítátà, kò sì yọ ìka rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Igbe tí Jídé ké, àwọn tó wà ní títì gbọ́ ọ. Nígbà tó já ọwọ́ gbà, ilà pupa kan ti gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń fò lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń bú Sẹ̀kínát, ó ní àjẹ́ ni, ó ní ó ti so wáyà pamọ́ sínú okùn. Sẹ̀kínát dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi kórìíra ọkùnrin yìí, ọkùnrin yìí ò sì mọ nǹkan kan.

Jídé fúnra rẹ̀ ló wá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣí ohun tó wà nílẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ wá fọwọ́ kan okùn yìí kí gbogbo wọn rí i! Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, ẹ sọ fún wọn pé iná kì í sí nínú okùn kílọ́ọ̀ṣì! Kó tún sítátà tẹ̀ lójú yín. Ẹ wá dì í mú."

Àwọn méjì ti ń ran Bàbá lọ́wọ́ láti dìde. Bàbá jókòó padà. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ apá.

"N kò ní fọwọ́ kàn án," ó wí. "Kí ẹnikẹ́ni má tẹ sítátà yẹn mọ́. Ẹ tú bóòtù áàtì."

Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ áàtì níbẹ̀. Sẹ̀kínát ò tíì ṣàlàyé ohunkóhun. Jídé yéé fò. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo Bàbá.

"Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n?"

Jídé sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin lẹ fi ibi tí n ó dì í mọ́ hàn mí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní lórí ọ̀dà kò burú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń dì í láti ìgbà náà títí di òní. Láàárọ̀ tí alùpùpù yẹn jó, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wò ó. Ẹ rí i?"

Ohun kan náà ni Sẹ̀kínát ń rò, mo rí i lójú rẹ̀. Bàbá ti rí ọ̀dà lábẹ́ bóòtù lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀dà Bàbá fúnra rẹ̀ ni, iṣẹ́ Bàbá fúnra rẹ̀ ni, itan oníbàárà rẹ̀ ló sì bó. Ó yan obìnrin tó ku ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò gba fúríìdọ́ọ̀mù, ó gbé ẹ̀bi lé e lórí. Kò sì lè kìlọ̀ fún Jídé láti ọjọ́ náà, nítorí ẹni tó bá kìlọ̀ ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

Sẹ̀kínát bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tú bóòtù náà, ó ha ọ̀dà pupa kúrò títí irin fi funfun, ó di wáyà padà. Ó fi okùn kílọ́ọ̀ṣì tuntun sí i, ó ká ti àtijọ́ sọ́wọ́. Ó ní kí Vanessa tẹ sítátà. Ìgbà kan péré, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn. Vanessa gùn ún, ó yípo igi máńgòrò lẹ́ẹ̀kan, ó yí ọwọ́ dé ìparí, ẹ́ńjìnnì ò kú. A sì jáde láì kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Jídé wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kẹrin, ó fi báńdéèjì di ọwọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n," ó pè é, kò sì payín keke lọ́tẹ̀ yìí. Sẹ̀kínát ò ní kó jókòó. Ó na mítà sí i, ó fi bí wọ́n ṣe ń wádìí áàtì hàn án lórí alùpùpù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó ní kó máa lọ, kó lọ tú gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ti kùn rí, kó wò wọ́n. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń tú wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Bàbá rán àwọn àgbà méjì. Wọ́n gbé ìwé fúríìdọ́ọ̀mù wá nínú gíláàsì, orúkọ Sẹ̀kínát wà lára rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ góòlù. Wọ́n ní Bàbá fẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí kí òun tó kú. Sẹ̀kínát kúnlẹ̀ kí wọn, ó fún wọn ní àga, ó bu omi tútù fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

"Ẹ ṣé, ẹ̀yin bàbá mi," ó wí. Ó nawọ́ sí ògiri, níbi tó fi okùn kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù pupa náà kọ́ sórí ìṣó. "Òun rèé. Ẹ bá mi bi Bàbá léèrè pé èwo nínú ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n máa fi dì í mú. Kí wọ́n dì í mú fún ìwọ̀n ìgbà tí Jídé fi dì í mú, ìyẹn ti tó. Tí wọ́n bá ti dì í mú tán, kí wọ́n wá gbé ọwọ́ ọ̀hún lé mi lórí."

Wọ́n gbé gíláàsì wọn padà lọ. Wọ́n ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì, èsì kan náà ni wọ́n gbọ́. Àwọn kan ní àdúgbò ń bẹ̀ mí kí n bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ní Bàbá ń ṣàìsàn, wọ́n ní kò gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní n kò gbọ́ Faransé tí wọ́n ń sọ, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń sọ.

Bátìrì kan wà lábẹ́ tábìlì Sẹ̀kínát tí kò sí fún títà. Láràárọ̀, kó tó ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà kankan, á fi mítà wò ó, bó bá ti rẹ̀ díẹ̀, á gba iná sí i títí á fi kún, nítorí ọjọ́ tí Bàbá bá dé láti di okùn náà mú.